Sọ́kẹ́ẹ̀tì Mọ́kànlá Nínú Gáréèjì Àbdùlbáàkí

Ọdún márùndínlógójì ni Àbdùlbáàkí fi to fáìlì níbi iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ní Dutsen Kura, àdúgbò tó ń gbé ní Minna, kò sẹ́ni tó rí òòlù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó Nàímátù ọmọ rẹ̀, ó dìde láàárín àwọn àna, ó ní òun fúnra òun lòun máa kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ òun.

Ará Minna mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Níbí, ilé ìyàwó ló ń ra ẹrù yàrá, tí àwọn Hausa ń pè ní kayan daki: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, àga. Wọ́n á kó o lọ sílé ọkọ lójú gbogbo ayé kí ìyàwó tó wọlé. Àwa Yorùbá ibí ti bá wọn gbà á. Bí bẹ́ẹ̀dì kò bá dé, wọ́n á fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi di ìyá àgbà.

Oṣù mẹ́ta ló kù. Àbdùlbáàkí ta mọ́tò rẹ̀, ó sọ gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù, ó ra ẹ̀rọ ìrẹ́gi àti ẹ̀rọ ìfági. Ó wá jókòó, ó ń ya bí wáyà iná ṣe máa rìn. Oṣù méjì ló fi yà á. Ìwé méje. Ó fi rúlà fa ìlà, ó kọ nọ́ńbà sójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú fáìlì. Ó ránṣẹ́ pè mí, torí iṣẹ́ iná ni mo ṣe dàgbà.

"Bàbá Níyì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ méjì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá. Wáyà kan ṣoṣo, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń tan gílóòbù, ó gbéra láti ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì fìríìsà nílé ìdáná.

"Àlàájì, wáyà yìí máa jó. Ẹ̀rọ ìrẹ́gi fẹ́ wáyà nínípọn tirẹ̀ láti ìdí mítà, àti fíúsì tirẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó yín."

"Haba, Bàbá Níyì! Ẹ ò rí i pé mọ́kànlá ló máa pín iná náà? Kò ní wúwo fún ìkankan."

"Wáyà ló ń gbé iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í gbé nǹkan kan."

"Ẹ̀yin ará àtijọ́ yìí náà!"

Mi ò buwọ́ lù ú. Òun fúnra rẹ̀ buwọ́ lù ú, ó kọ déètì sí i. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ri wáyà mọ́ ògiri bó ṣe yà á gẹ́lẹ́. Ó gún, mi ò ní purọ́. Ó kun ògiri ní funfun, ó pe àwọn ará mọ́sáláṣí wá wò ó. Wọ́n ṣàdúà. Ẹnìkan bèèrè bẹ́ẹ̀dì. Àbdùlbáàkí ní ó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, ọjọ́ Ajé, iná dé laago mẹ́wàá. Àbdùlbáàkí gbé pákó àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ, ó ní bismillah, ó tan án. Ẹ̀rọ kùn. Ó gé íǹṣì mẹ́rin. Èéfín yọ lára ògiri funfun, ó tẹ̀lé ojú ọ̀nà wáyà dé ilé ìdáná. Fìríìsà kú. Sabirah ìyàwó rẹ̀ sáré pa iná gbogbo ilé, ó sì ń kó ẹran jáde.

"Bàbá Nàímátù, íǹṣì mẹ́rin lẹ gé?"

"Iná ọ̀hún ló lágbára jù."

"Ó dáa. Bẹ́ẹ̀dì ti wà ní àdúgbò Shango, lọ́dọ̀ Fáṣínà káfíńtà. Ìgbà tẹ́ ẹ dé ìwé kẹta ni mo ti ní kó máa kàn án."

Àbdùlbáàkí jókòó sórí pákó náà títí wọ́n fi pe ìrun.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, bẹ́ẹ̀dì Fáṣínà wọ ilé àna. Èmi náà wà níbẹ̀. Bàbá ọkọ fọwọ́ pa pákó orí bẹ́ẹ̀dì náà, ó kọ hàà.

"Madalla, Àlàájì! Iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé?"

Àbdùlbáàkí wo Sabirah. Sabirah ń tún híjáàbù rẹ̀ ṣe.

"Alhamdulillahi," ni Àbdùlbáàkí wí.

"Ó mà gbà yín lásìkò o."

"Oṣù mẹ́ta gbáko. Ti wáyà iná ló pẹ́ jù."