Ìjẹ́rìí Tí Mo Tètè Jẹ́

Ọwọ́ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, a ń dánra wò fún ìsìn ọjọ́ kejì, mo sì di máìkì mú bí mo ti máa ń dì í mú láti ìgbà tí mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Máìkì náà ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ní ohun tó ṣe é, mo gbé e kalẹ̀, mo na ọwọ́ síwájú. Ìka mi ló ń gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò dáwọ́ dúró. Mo ki ọwọ́ náà bọ abẹ́ abíyá, mo ní kí wọ́n tún un gbé láti ẹsẹ kejì.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan nílùú Ìlọrin. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán lèmi àti ọkọ mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wa wá síbí, a sì ti bí ọmọ méjì síbí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ṣàìsàn. Nítorí náà, nígbà tí ọyẹ́ dé tí gbogbo olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ń wọ súwẹ́tà, tí èmi ń làágùn bí ẹni tó ń dín àkàrà, mo ní ọjọ́ orí ni. Mo ń jẹun bí ẹni tí ebi ti pa lọ́dún mẹ́ta, síbẹ̀ mò ń rù. Àwọn obìnrin ìjọ ń yìn mí. "Àǹtí, kí lẹ ń lò? Ẹ ti padà di ọmọge o!" Tíì tí wọ́n ń tà lórí Wátsáàpù láti fi dín ikùn kù ni wọ́n rò pé mò ń mu. Ká má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Ta ni wọ́n á pè ní ọmọge tí kò ní rẹ́rìn-ín?

Òru ni kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Bí mo bá dùbúlẹ̀, àyà mi á máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. N óò sì jí pẹ̀lú àárẹ̀ tó pọ̀ ju èyí tí mo gbé lọ sórí ibùsùn lọ. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA, ló rí ọrùn mi. Mò ń mu omi, ó ń wò mí.

"Ìyá Dámi, kí ló ń lọ sókè-sódò lọ́rùn ẹ yẹn?"

Bí a ṣe dé ọsíbítù nìyẹn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ fún wa, nítorí ẹni tó ń ka èyí lè ti máa rí i lára. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọ̀fun wa tí wọ́n ń pè ní tairọ́ìdì. Òun ló ń pinnu bí ara ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Bí ó bá wú tó sì yọ síta, òun ni àwọn baba wa ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Tèmi wú díẹ̀, ṣùgbọ́n wíwú kọ́ ni ìṣòro gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Gbogbo ara mi ń sáré láìdúró, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rù, tí mo ń làágùn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí oorun kò kùn mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi í hàn.

Oògùn méjì ni dókítà kọ. Ọ̀kan á dín iṣẹ́ tairọ́ìdì kù, èkejì á mú kí ọkàn rọra máa lù. Ó ní bí ọ̀fun bá ń dùn mí tí ibà sì dé, kí n má ṣe jókòó sílé, kí n sáré wá, torí oògùn àkọ́kọ́ lè bá ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti àrùn jà. Ó ní ó lè ju ọdún kan lọ kí n tó parí rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré ni dókítà náà, mo lè bí i. Ó wo ojú mi, ó ní, "Mà, ara yín á yá kí àìsàn yìí tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáwọ́."

Ara mi yá lóòótọ́. Ìjọ ti gbààwẹ̀ fún mi, pásítọ̀ ti wá sílé gbàdúrà, mo sì ń lo oògùn mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Mo sun oorun kan, mo sunkún nígbà tí mo jí, torí mo ti gbàgbé bí oorun ṣe máa ń rí.

Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ ìparí oṣù dé. Ẹni tó bá ń lọ sí irú ìjọ tiwa mọ̀ bó ṣe ń rí. Ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí gùn, àkókò kò sí, adarí ètò á ti máa tì ọ́ lẹ́yìn pé kó o ṣe é ní ṣókí, kó o lọ síbi tí ògo wà. Mo gbé orin, mo sọ nípa ọwọ́ tó ń gbọ̀n, mo sọ nípa ọ̀fun. Mi ò ráyè dárúkọ oògùn. Mo kígbe pé, "Olúwa ti wò mí sàn pátápátá!" Ilé ìjọ dìde. Mo fò sókè, mo sì tún fò. Kò sí irọ́ nínú ayọ̀ mi ọjọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fídíò ìjọ gé e kúrú, wọ́n fi orin sí i lábẹ́. Kó tó di ọjọ́ Wẹ́sìdé, ó ti wà lórí sítétọ́ọ̀sì Wátsáàpù gbogbo ènìyàn. Màmá mi pè láti Ọ̀mù-Àrán pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti rí i. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé kí n gbé ọwọ́ lé ọmọ wọn. Mo di obìnrin inú fídíò.

Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí n má lo oògùn mọ́. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo wa. Pásítọ̀ kò sọ ọ́, Bíbélì kò sọ ọ́. Sinimá ni mo ti kọ́ ọ. Inú sinimá ìjọ la dàgbà sí. Wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, jẹnẹrétọ̀ á máa pariwo lẹ́yìn ilé, àwa ọmọdé á jókòó sórí ẹní níwájú. Gbogbo aláìsàn inú sinimá yẹn tó bá rí ìwòsàn ló máa ń da oògùn sí gọ́tà. Bí oògùn bá ti bọ́ sínú gọ́tà, orin á dún, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, ó parí. Ẹnikẹ́ni kò fi oṣù tó tẹ̀ lé e hàn wá rí.

Èmi kò da tèmi sí gọ́tà, mi ò láyà bẹ́ẹ̀. Mo lọ ra òmíràn ní ilé oògùn kan ní àdúgbò Challenge ni, mo bá arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin pàdé níbẹ̀. Ó wo káńtà, ó wò mí. "Àǹtí, ṣé kò sí wàhálà o?" Mo ní fítámì àwọn ọmọ ni mo wá rà. Fítámì náà ni mo sì rà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo délé, mo ti ìyókù oògùn mi sẹ́yìn àpò sẹ̀mó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò lò ó mọ́, mi ò sì sọ fún ọkọ mi. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ìgbàgbọ́ ni. Ojú ń tì mí ni, àmọ́ ìgbàgbọ́ dùn ún pè ju ìtìjú lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo rẹ̀ padà: ooru, àìsùn, ọwọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mò ń ká aṣọ lórí okùn, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ó ṣe wù ú, á sáré, á dúró, á fò. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Alhaja tó ni ilé tí à ń gbé ló rí mi. Ìyàwó ààfáà ni, ọmọ bíbí Ìlọrin, ó ju màmá mi lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó pe kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀.

"Oògùn tó o máa ń lò dà?"

Mo sọ fún un. Àárẹ̀ ti mú mi ju kí n tún parọ́ lọ.

Ó fi ìborùn rẹ̀ nu òógùn ojú mi. Ó wá ní, "Ọlọ́run ló ń woni sàn, oògùn ni sábàbí rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Nígbà tí àìsàn mú mi nínú ààwẹ̀ ọjọ́sí, Ààfáà fúnra ẹ̀ ló bu omi fún mi mu lọ́sàn-án gangan. Ìwọ wá ń fi ara ẹ bá Ọlọ́run jà." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n lẹ ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn mọ́ mi láyà. Dókítà ní ọkàn mi ń lù ségesège, pé bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú rẹ̀, kó gba ibẹ̀ lọ sọ́pọlọ, kó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Wọ́n dá mi dúró. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò bú mi. Ì bá bú mi. Ohun tó sọ ni, "Gbogbo ìjọ lò ń sọ ti ara ẹ fún. Èmi ńkọ́?" Ó bojú wo fèrèsé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ.

Mo padà sílé, mo padà sórí oògùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fún àyẹ̀wò déédéé. Ìdúró ọsíbítù ń tánni lókun. Wàá ti dé kí oòrùn tó yọ, wàá gba káàdì, wàá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wàá sún díẹ̀, wàá tún sún. Mo máa ń fi ìbòjú bo ẹnu àti imú, mo máa ń fa gèlè sọ̀ kalẹ̀ dé ìpéǹpéjú, kí wọ́n má baà dá mi mọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ta iṣu létí títì ní Òkè-Oyì jókòó tì mí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá jà, ó sì ti sú u. Ó fa fóònù yọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi wo arábìnrin yìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Bí mo bá kúrò níbí lónìí, n ó da oògùn mi nù, bóyá n ó rí ìwòsàn bíi tiẹ̀. Ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ kọ́ ni tèmi ni?"

Mo wo ara mi tí ń fò sókè lórí fóònù ẹni ẹlẹ́ni. Mo lè dákẹ́. Ẹni méjì péré ló kù kí wọ́n tó pè mí, mo lè dìde, mo lè wọlé, kò ní mọ̀ láéláé. Mo gbàdúrà pé kí wọ́n tètè pè mí. Wọn kò pè mí. Mo tú ìbòjú.

"Èmi nìyẹn."

Ó wò mí, ó wo fóònù, ó tún wò mí. "Ẹ̀yin? Kí wá lẹ ń ṣe níbí?"

"Oògùn ni mo wá gbà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí àpò sẹ̀mó. Mo rò pé á ṣàánú mi. Ó pòṣé. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ẹ́ pa mí yìí o! Ọmọ mẹ́rin ni mo ń dá tọ́!" Ó tọ́ sí mi, mo gbà á. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó béèrè pé ṣé mo ti lo tòní. Mo ní mo ti lò ó. Ó tú ọ̀rá kan nídìí ìró rẹ̀, ó mú hóró kan, ó gba omi mi, ó gbé e mì níṣojú mi, ó sì gba nọ́ńbà fóònù mi.

Ọjọ́ kejì mo lọ bá pásítọ̀ pé mo fẹ́ tún ìjẹ́rìí mi jẹ́. Ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé Ọlọ́run kò wò yín sàn ni?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń wò mí."

Ó gbà, kò yá a lára, àmọ́ ó gbà. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mi ò gbé orin, mi ò fò. Mo dárúkọ oògùn mi lórí pẹpẹ, mo dárúkọ dókítà, Alhaja àti ọkọ mi, mo sì ní ẹni tó bá ti tìtorí mi jáwọ́ nínú oògùn, kó padà sídìí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àmín tí wọ́n ṣe kò le. Kò sẹ́ni tó fi orin sí i lábẹ́, kò dé orí sítétọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni. Arábìnrin tó bá mi pàdé ní ilé oògùn wá dì mọ́ mi lẹ́yìn ìsìn, ó ń sunkún, ó ní òun náà ní ohun tí òun ń fi pamọ́.

Àyẹ̀wò tó kẹ́yìn dára. Ọkàn mi ń lù bó ṣe yẹ, mo ti sanra padà, kò sì sẹ́ni tó ń pè mí lọ́mọge mọ́. Ó ṣì ń rẹ̀ mí. Mo ti máa ń rò pé ara jẹ́ ohun tí Ọlọ́run á tún ṣe lẹ́ẹ̀kan, tí a óò wá máa gùn lọ bíi kẹ̀kẹ́. Mo rí i báyìí pé ojoojúmọ́ ló ń gbé e ró, àní ní òru tí èmi kò mọ̀, ó sì ń ṣe é fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń fi orúkọ rẹ̀ bo ìtìjú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó sú mi. Mo jókòó sétí ibùsùn, mo ń wo hóró oògùn náà, mi ò fẹ́ rí i. Fóònù dún. Ohùn obìnrin Òkè-Oyì tó gbà ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù ni, bó ṣe ń dé ní àràárọ̀, ariwo ọkọ̀ ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti lo tèmi o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo gbé e mì. Mo tẹ fóònù, mo gba ohùn tèmi sí i, mo sì jẹ́rìí fún un pé mo ti lò ó.