Ọwọ́ Tí Mo Fọ̀ Níwájú Àlejò

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ irọ́ tó tóbi jù tí mo ti pa láyé mi, n kò ní í ronú púpọ̀. N kò tilẹ̀ la ẹnu pa á. Ọwọ́ ni mo fọ̀.

Nínú lábù kékeré wa ní Adígbẹ, epo tí ń ti àwọn sátẹ́láìtì kéékèèké lójú òfurufú la ń ṣe. Èyí tí ayé ti ń lò látọjọ́ pípẹ́, háídrásíìnì, ìkà ni. Ẹni tó bá ń rọ ọ́ sínú táǹkì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó bò ó látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ nìkan tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àwa fẹ́ fi pẹ́rọ́ksáìdì rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì fún egbò fífọ̀, àmọ́ tiwa lágbára ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Bó bá ti kan àwọ̀n fàdákà inú ẹ́ńjìnnì wa, á hó di ooru, ooru náà ni yóò sì ti sátẹ́láìtì síwájú. Kò lóró tó háídrásíìnì. "Kò lóró tó" ló yẹ kí n máa sọ. Èmi gé e kúrú, mo ní kò lóró.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó fẹ́ fi owó ràn wá lọ́wọ́ wá láti Òkè-Ìléwó, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun á máa gbọ́ láti ibẹ̀. Inú bí mi. Mo da pẹ́rọ́ksáìdì tí mo rà ní kẹ́mísìtì sínú abọ́, mo ká apá aṣọ sókè, mo sì fọ ọwọ́ mi méjèèjì nínú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. N kò sọ fún wọn pé èyí tó wà nínú abọ́ yẹn kọ́ ni yóò wọ inú táǹkì. Àlájì ló pàtẹ́wọ́ jù.

Ọmọ Kẹ́mta ni Àlájì, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ lábù ni wọ́n níbi tí mo ti kàwé, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi iná tẹ ọ̀pá gíláàsì. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá mi ṣiṣẹ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. Wọ́n máa ń fi mí yangàn ní mọ́sáláṣí wọn bí ọmọ bíbí inú wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ku ọ̀la ká dán ẹ́ńjìnnì náà wò, Àlájì ń rọ ojúlówó pẹ́rọ́ksáìdì sínú táǹkì. Èmi wà níta, mo ń bá ẹnì kan sọ àsọdùn lórí fóònù. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nu ojú ọ̀tún. Awò ìdáàbòbò ojú ṣì wà lórí ìṣó tá a máa ń fi í kọ́ sí. Ìpẹtà díẹ̀ ló wà nínú àrọ tí wọ́n fi ń rọ ọ́; ìpẹtà náà mú pẹ́rọ́ksáìdì hó bí àwọ̀n fàdákà ti ń mú un hó, ó sì ta sí wọn lójú.

"Ó ti pẹ́ tó ta sí yín lójú, sà?"

"Á tó ogún ìṣẹ́jú. Má yọ ara ẹ lẹ́nu jàre. Ṣebí o fọ ọwọ́ nínú ẹ̀ níṣojú wa."

Mo kígbe. Mo sáré ṣí tápù, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ jáde; kò síná láti fa omi látàárọ̀. Mo fa àpò píọ̀ wọ́tà ya, mo ń fi eyín já ọ̀rá inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tú u sí wọn lójú, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bú ara mi. Aṣọ wọn rin gbindin. Wọ́n ní kí n rọra, pé mò ń fi omi mímu ṣòfò. Ẹkún ni mo bú sí. Ká ní wọ́n ti fọ ojú yẹn lójú ẹsẹ̀ ni, bóyá ìbá sàn. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kò sí ohun tí wọ́n ń kánjú sí.

Ní ọsibítù, dókítà bèèrè ohun tó ta sí wọn lójú. Kí n tó lanu, Àlájì ti dáhùn.

"Kò lóró, dókítà. Ọmọ mi ló ṣe é."

Mo wá sọ òtítọ́, títí kan abọ́ àti ọwọ́ fífọ̀. Ìyàwó wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbá tù mí lára ká ní wọ́n bú mi. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tèmi kò tilẹ̀ dúró dẹ̀yìn.

Títí wọ́n fi tú báńdéèjì tí wọ́n fi dí ojú ọ̀tún Àlájì, àwọn ará Òkè-Ìléwó ń pè mí, n kò gbé e. N kò tún wo ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ojú kan péré ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí ọjọ́ pé, dókítà fi ọwọ́ òsì bo ojú wọn tó dára.

"Bàbá, mo fẹ́ na ìka sókè níwájú yín. Kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ bá rí fún mi."

Àlájì rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹkún mi.

"Mẹ́ta ni. Ó hàn kedere. Ọmọ mi, ó tó, má sunkún mọ́."

Ọwọ́ ọ̀tún dókítà ṣì wà nínú àpò aṣọ rẹ̀.