Ogójì Bọ́ọ̀lù Láràárọ̀

Búrẹ́mọ̀ Abíọ́nà jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì ń gbá gọ́ọ̀fù nínú àgbàlá rẹ̀ ní Igbó-Ọrà.

Kádì ni tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ru àpò igi gọ́ọ̀fù fún àwọn olówó n'Ìbàdàn. Àlàájì kan wà níbẹ̀ tí kì í ti bọ́ọ̀lù sí ihò láìbi í léèrè. Búrẹ́mọ̀ á bẹ̀rẹ̀, á wo ilẹ̀, á ní, "Ẹ fì í sí òsì díẹ̀." Bọ́ọ̀lù á wọlé.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń pe àwọn kádì àtijọ́ wá gbá tiwọn. Lọ́dún tó kọjá, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí bọ́ọ̀lù Búrẹ́mọ̀ dé ihò. Ó tì í, kò dé ibẹ̀. Ó tún tì í, kò dé ibẹ̀. Àlàájì ní, "Búrẹ́mọ̀, ṣé ìwọ náà lo ń darí mi láti ọjọ́ yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun níbẹ̀.

Ó délé, ó ri agolo mílíìkì ńlá mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá. Ogójì bọ́ọ̀lù láràárọ̀, bó bá ti kírun tán, fún oṣù mọ́kànlá. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin jù ú, tí ilé wa kọjú síra, mo máa ń jókòó kà á. Méjìdínlógójì ló ń wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ó ku ọjọ́ márùn-ún kó lọ gbá ti ọdún yìí n'Ìbàdàn, mo bi í pé, "Ṣé bí ilẹ̀ wọn ṣe le nìyí?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Koríko ni." Ó fara ti pọ́tà, igi tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sí ihò. "Nígbà tí mo débẹ̀, iyanrìn ni. Wọ́n á da ọ́ìlì mọ́tò sí i, àwa á fi pákó wọ́ ọ kó tẹ́jú. Bí àwọn ọ̀gá bá ti lọ, a ó yá igi wọn gbá títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Òórùn ọ́ìlì yẹn ṣì wà nímú mi. Tẹ́ ẹ bá kàn fọwọ́ ba bọ́ọ̀lù, ó ti lọ."

"Ìgbà wo ni wọ́n gbin koríko?"

"Ó pẹ́. Àpò nìkan ni mò ń rù nígbà yẹn, n kò gbá mọ́."

Mùínàt ìyàwó rẹ̀ ń sá láfún nítòsí. Kò gbójú sókè. "Bàbá Sódìq, iyanrìn ayé ijọ́un lẹ̀ ń kọ́ ọwọ́ yín fún. Ilẹ̀ tí mo lù tó ń dán, ẹ̀ ń gbá a bí ẹni pé koríko ni."

Búrẹ́mọ̀ wo ilẹ̀ náà pẹ́. 

Mùínàt kó láfún kúrò lórí àpò ìdọ̀họ mẹ́ta, ó gbọ̀n wọ́n, ó rán wọn pọ̀, ó tẹ́ wọn dé ẹnu agolo bíi koríko. Lọ́jọ́ kìíní, nínú ogójì, kò sí ẹyọ kan tó dé ihò.

"Wọ́n ń sùn lójú ọ̀nà," ni obìnrin náà wí.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́sàn-án wọlé. Lọ́jọ́ Ẹtì, mẹ́tàlélógún.

Láàárọ̀ òní, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ti ogún bọ́ọ̀lù péré, ó wá jókòó tì mí.

Mo ní, "Mẹ́tàlélógún kò tó méjìdínlógójì."

"Méjìdínlógójì yẹn, ti ìgbà èwe mi ni," ni ó wí. "Bí tòní kò bá tilẹ̀ wọlé, yóò kọjá ihò. Kí Àlàájì wá sọ pé n kò mọ ọ̀nà."

Takisí fọn fèrè níta. Ó mú pọ́tà, ó dìde, ó sì lọ.