Àga Kan Ṣoṣo Tí Omi Kò Tíì Bò

Pálọ̀ wa ní Festac ni kọmítì tó ń bójú tó irà ti máa ń ṣe ìpàdé, nítorí ọkọ mi ni akọ̀wé wọn. Gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni, lẹ́yìn tí àwọn àlejò àjọ̀dún tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àwọn ilé náà ti padà sí ìlú wọn. Inú irà tó wà lẹ́yìn ilé ni omi òjò wa ń gbà lọ sínú ọ̀sà. Àwọn apẹja ló ni ín kí ìjọba tó gbà á. A wá fẹnu kò pé àwa àti àwọn yóò jọ máa tọ́jú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ da nǹkan kan sí i. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ká ní èèyàn gidi ló wà nídìí rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn ọmọ kọmítì, bí wọ́n sì ṣe ju ara wọn lọ ní ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe ń jókòó ní pálọ̀ mi. Alága, tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́, ló máa ń gba àga tó dára jù. Ẹni tó kéré jù ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní la ẹnu títí àwọn ọ̀gá yóò fi sọ tiwọn tán. Lọ́jọ́ tí bàbá tó ń ṣojú àwọn apẹja wá, wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá fi í sí, torí kò ní lẹ́fẹ̀lì iṣẹ́ ìjọba kankan. Orí ìdúró ló wà títí ìpàdé fi parí. Kò wá mọ́. Wọ́n ní ará oko kì í fẹ́ ìlọsíwájú.

Kò pẹ́ ni ọkọ̀ típà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sẹ́yìn ilé alága. Ó fẹ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì fẹ́ ibi tí yóò máa gbé mọ́tò sí. Ojú gbogbo wọn ló ṣe. Ẹnu ọ̀nà omi gan-an ni yanrìn náà dí, ilé wa ló sì wà nísàlẹ̀ jù. Ìyá mi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, ló ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Mo bẹ ọkọ mi pé kó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tiransífá mi lọ sí Sokoto ni?"

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n di ẹ̀bi omi tí kò lọ mọ́ ru àwọ̀n àwọn apẹja. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni ọkọ mi ń wí. Mo gbé bisikíìtì fún wọn. Ojo paraku ni wọ́n.

Ọ̀sán Sátidé kan ni òjò ńlá rọ̀. Omi kò ríbi gbà, ó bá gba yàrá ẹ̀yìn wọlé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, tìmùtìmù rẹ̀ ti rin gbingbin, ó di férémù fèrèsé mú, ó ń pè mí. Mo pọ̀n ọ́n wá sí pálọ̀, níbi tí àga onígi kan ṣoṣo ti ga ju omi lọ.

Kọmítì ti wá kí wa. Ọkọ mi ti nu àga náà, ó ti gbé e fún alága.

Alága ní, "Ẹ kú ewu o, ìyàwó. A máa pe emergency meeting lórí ẹ̀."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wá bírò.

Mo ní, "Ẹ dìde, sà. Ìyá mi fẹ́ jókòó."

Ó dìde. Nínú gbogbo ìpàdé wọn, ohun kan ṣoṣo tí mo rí i pé ó ṣe lójú ẹsẹ̀ nìyẹn. Mo gbé ìyá mi lé àga, alága sì dúró sínú omi.

Ìyá mi kò mọ ẹni tó jẹ́. Ó gbé ojú sókè sí i, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa ò ní jẹ́ kí omi wọ ilé tìẹ."

Ó dáhùn pé, "Àmín, mà."