Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Mi Kọ̀ Láti Yàn

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó, ó sì kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn. Kò kó gbogbo ẹ̀ tán. Òòlù, ayùn, ìṣó, àga, gbogbo ohun tí ọwọ́ lè bà ni bàbá mi ṣì ń pè bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n bóyá ẹ̀rù ń bà wọ́n, tàbí bóyá ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀ láìfọhùn, omi á sì gba ojú wọn.

Télọ̀ ni ìyá mi. Wọn kì í gbà pé aṣọ kan ya kọjá àtúnṣe. Wọ́n ní, "Èyí tí wọn ò bá lè pè, a ó wá èyí tí wọ́n lè pè dípò ẹ̀." Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ fún gbólóhùn yẹn.

Bàbá mi ti já bọ́ láti orí àkàbà rí, nítorí náà àkàbà di ẹ̀rù. Fèrèsé yàrá ìránṣọ, níbi tí atẹ́gùn àárọ̀ ti ń fẹ́ sí wọn lára, di ìbàlẹ̀ ọkàn. Kẹ́tù omi tí a ti gbé kaná, tó kù díẹ̀ kó hó, sì di ìrètí. Nígbà tí dókítà bi bàbá mi bí ara ti rí, wọ́n ní, "Àkàbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́tù wà." Dókítà wò mí bí ẹni pé gbogbo ìdílé wa ni kí òun dá dúró sí ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá mi kò wá nǹkan fún: ọpẹ́. Mo ní ká fi ife omi ṣe é.

"Kí n wá máa kọ́ bàbá ẹ bí wọ́n ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Ìyẹn ti di agbe ṣíṣe. Bó bá wà níkùn wọn, wọ́n á wá tiẹ̀ fúnra wọn."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Tẹ́lẹ̀, kò sí oníbàárà tí wọn kì í pa á lówe fún pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti wọlé, n ò gbọ́ òwe yẹn lẹ́nu wọn mọ́. Èjìká wọn ni bàbá mi ń gbára lé láti bẹ́ẹ̀dì dé ìdí fèrèsé, lójoojúmọ́. Ìyá mi fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí wọ́n ń gbé mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ń rán apá mọ́ búláòsì kan. Bàbá mi na ọwọ́ láti orí àga wọn, wọ́n gbé e lé ìyá mi léjìká.

"Èjìká," ni wọ́n wí.

Ìyá mi dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bàbá mi. "Ó yá. Níbo là ń lọ?"

Bàbá mi kò dìde.

"Ilé ìwẹ̀ ni? Àbí bẹ́ẹ̀dì?"

Bàbá mi mi orí. Inú ti fẹ́ máa bí wọn. Wọ́n rọra fi àtẹ́lẹwọ́ lu èjìká náà, wọ́n tún fi lù ú. "Ìwọ. Èjìká."

Ó wá yé ìyá mi pé ọpẹ́ ni. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, wọ́n sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ba bàbá mi.

"Àkàbà?" ni bàbá mi bèèrè.

"Rárá o," ni ìyá mi wí. "Fèrèsé ni."