Ìyá Ìsàlẹ̀ Tó Tẹ̀lé Àwọn Tí Kò Fẹ́ Wa

Ìyá òyìnbó kan, opó, ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tí a háyà ní Phibsborough, ní ìlú Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland. Èmi àti ọkọ mi wà lókè. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, tí n kò ní ìyá nítòsí, òun ló máa ń gbé e mọ́ra kí n lè sùn díẹ̀. Nígbà tí mo sì rí iṣẹ́ agbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Finglas, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ máa ń wà títí n ó fi dé. Bí mo bá dúpẹ́, á ní, "Grand, grand," pé kò sí wàhálà.

Owó ń rìn ní Dublin nígbà náà, ilé tuntun ń hù bí olú. Síbẹ̀, bí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àjèjì ti pọ̀ jù, pé tìtorí kí ọmọ lè gba ìwé ìrìnnà ìlú wọn ni àwọn obìnrin wa ṣe ń wá bímọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo ti mọ́sálááṣí dé, mo rí àwòrán olùdíje ẹgbẹ́ yìí lójú fèrèsé ìyá náà. Mo wọlé tọ̀ ọ́. Ọmọ mi ń sùn lórí itan rẹ̀.

"Mama, ṣé ẹ fẹ́ ká máa lọ ni?"

Ojú tì í. "Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Àwọn yòókù ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ilé ìwòsàn pè mí nítorí ìbàdí mi. Ọkùnrin yìí nìkan ló jókòó tì mí, tó gbọ́ mi."

Èmi tí mò ń gbé lókè orí rẹ̀, n kò bi í rí nípa ìbàdí náà. N kò sì bi í lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé ọmọ mi, mo gòkè. N kò gbé e fún un mọ́.

Ìbò dé, ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi. Èmi àti ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà já àwòrán yẹn kúrò, ó rọra gun àtẹ̀gùn wá, ó kanlẹ̀kùn. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó pe ọmọ mi lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu títí ó fi padà sísàlẹ̀. Láìpẹ́, a kó lọ sí Lucan. A ò dágbére.

Ẹgbẹ́ yẹn túká. Òmíràn fi orúkọ mìíràn dìde, òun náà tún fìdí rẹmi. Ìgbà náà ló tó yé mi pé àwọn tí mò ń bínú sí kò mọ̀ pé mo wà láyé. Ìyá yẹn nìkan ni mo fìyà jẹ.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó, àwọn kọ́lékọ́lé ti tú inú ilé náà palẹ̀. Onísọ́ọ̀bù ìkọjá títì sọ pé ọmọ ìyá náà ti gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan, òun ò mọ èwo. Mo fóònù ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó gbé e bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí ìyá náà. Mo ní kó má bínú, mo gbé fóònù sílẹ̀.