Orúkọ tí Ìyàwó Wa Sọ Mí

Kí n tó sọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orúkọ. Ọmọdé ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ìyàwó wọ ilé wa ní Towé, ní Bẹ̀nẹ̀. Ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wa. Ó wo ẹnu mi, ó ní Eyínfúnjowó ni òun á máa pè mí. Àbúrò mi tí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Òun nìkan ló ń pè wá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, òun àti ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí abúlé kan ní òdìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, torí ilẹ̀ oko. Wọn ò rọ́mọ bí. Ẹ̀gbọ́n mi kú síbẹ̀, ìyàwó wa ní òun ò ní fi sàréè ọkọ òun sílẹ̀. Èmi wà nílé ọkọ ní Takon, Akọ̀wé sì ń ṣiṣẹ́ ní Lomé, ní Tógò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọbìnrin kan nígbà náà. Ojú pọ́n mi kí n tó rí i bí.

Àwọn aládùúgbò ìyàwó wa ránṣẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Akọ̀wé wá láti Lomé, mo pọn ọmọ, a gba ọ̀nà igbó láti Pobè torí wọ́n ti ti ààlà. A ò bá sọ́jà kankan pàdé. Ibà ló ń ṣe ìyàwó wa, ó sì ń bì. Ọwọ́ lásán ni mo fi kó èébì náà, mo fi etí aṣọ mi nu ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ pé, "Ọkọ mi, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má da ara yín láàmú." Lọ́jọ́ kejì a fi í lé àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, a sì padà.

Kò pẹ́ sí i, lọ́jọ́ ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù ní Takon. Èyí ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó tún un sọ ní èdè Gùn, kó tó wá sọ ọ́ ní Ànàgó, Yorùbá tiwa, tó yé gbogbo wa. Ó ní ibà Lásà, èyí tí eku ń fà, ti mú obìnrin kan ní Nàìjíríà. Ó ní Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ti jọ ṣàdéhùn pé bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá yọjú níbì kan, wọ́n á fi tó àwọn yòókù létí, wọ́n á sì jọ wá gbogbo ẹni tó bá ti fọwọ́ kan aláìsàn náà.

Ó wá bèèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó níbí?"

Ha! Èmi kẹ̀? Àwọn ìjọba tí wọn ò lè fẹnu kò lórí ìgbà tí wọ́n máa ṣí ààlà, orí èmi ni wọ́n wá fẹnu kò sí! Ọ̀nà igbó ni mo gbà. Ẹnikẹ́ni ò wo ìwé mi. Báwo ni wọ́n ṣe dé ìdí àtẹ ata mi?

Ẹ̀rín ni ọjà fi ṣe. Ìyá àgbà kan tí kò ní eyín kankan mọ́ la ẹnu sílẹ̀ gbàgà: "Èmi nìyí, ẹ máa gbé mi lọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi pa ẹnu mi dé, mo fi ìborùn bò ó.

Ohun tí mo ti ń gbọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ nítorí irú àìsàn yẹn, wọn kì í dá a padà. Ta ni yóò fún ọmọ mi lọ́mú? Mo sọ fún ara mi pé ara mi le, ọmọ ń mu ọmú, kò sí nǹkan kan. Síbẹ̀, bó bá sín pẹ́rẹ́, màá sáré gbé e. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ mi bi mí pé ṣé eyín ń dùn mí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ọmọ, ara rẹ̀ gbóná janjan. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, ó yí orí kúrò. Mo wá gbọ́ ìró alùpùpù lọ́nà ọjà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tún ti dé. Mo sáré jáde, gèlè já bọ́ lórí mi, mi ò wẹ̀yìn.

"Èmi ni Eyínfúnjowó o! Èmi ni! Ẹ gbà mí, ọmọ mi!"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọjà. Àwọn tí a ti jọ ń tajà sún sẹ́yìn, wọ́n fi èmi àti ọmọ mi sílẹ̀ láàárín.

Nílé ìwòsàn ní Sakété, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọ́n ní ká máa retí èsì. Mo jókòó, mò ń wo bí ó ṣe ń mí. Mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ àwọn òkú ilé wa, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́. Òṣìṣẹ́ ọkùnrin yẹn bi mí pé ta ni Akọ̀wé. Mo sọ orúkọ àbúrò mi gan-an àti àdúgbò tó ń gbé. Ó tẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lomé láago lójú mi, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti bá a nílé. Ara tirẹ̀ le.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ dákun, kí ló dé tí obìnrin yẹn ò fi sọ orúkọ yín? Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ṣáà ń sọ pé Eyínfúnjowó, ní Takon, Akọ̀wé, ní Lomé. Ó ní kí wọ́n yára, pé Eyínfúnjowó pọn ọmọ ọwọ́."

Mo ní, "Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ." Mo wá ní, "Òun náà ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti ń yá?"

Ó wo ẹnìkejì rẹ̀. Ó ní kí n mọ́kàn le, pé ìyàwó wa ti dákẹ́. Mo figbe ta.

Èsì dé: kì í ṣe Lásà, ibà ẹ̀fọn ni. Wọ́n fún ọmọ lóògùn, ó sì gba ọmú. Wọ́n ní ká máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kí n máa wọn ìgbóná ara àwa méjèèjì láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ìyàwó wa ní òdìkejì ààlà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa pè mí lórí fóònù. "Eyínfúnjowó, ẹ kú àárọ̀. Ara ńkọ́?" Màá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọrùn ọmọ kí n tó lè dá a lóhùn.

Ní àárọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó ní a ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, òun ò ní pè mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó tún pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó pè é, mo sì dáhùn.